Ilé Tí Pátápátá Kọ́ Fún Àparò

Akọ̀wé ọ́fíìsì igbó, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá, ló kọ́kọ́ sọ fún Ìyá Onígi pé ìjọba fẹ́ kọ́lé fún àparò. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Ó dúró lẹ́nu ọgbà obìnrin náà, ó di fáìlì mọ́ àyà bí ìyá ìkókó, kò sì jókòó nígbà tí wọ́n fún un ní àpótí, nítorí ó ní iṣẹ́ ìjọba kì í jókòó.

"Ilé wo?" ni Ìyá Onígi bi í. Ó ń bomi rin ọmọ igi lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Àparò ti ń san owó ilé báyìí?"

"Ìyá, kì í ṣe ilé onípáànù. Ilé onígi ni. Ìsádi. Olú-iléeṣẹ́ ló fi owó ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ ti ṣán gbogbo igbó tán, àparò àti ehoro ò rí ibi sá pamọ́ sí mọ́. Kí a gbin ohun tó máa bò wọ́n sórí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ẹgbẹ̀rún méjì ọmọ igi ni ọ̀gá mi ní kí n wá bá yín sọ. Ọgọ́rùn-ún lórí ẹyọ kan."

Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè. Ìyá Onígi kò kàwé kọjá ibi tí ọmọdé ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìṣirò owó tó lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba! Ọdún kẹsàn-án rèé tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọgbà ọmọ igi yìí nìkan ló fi sílẹ̀ fún un, ilẹ̀ abẹ́ ọgbà kì í sì í ṣe tiwọn. Onílẹ̀ ti ní òun fẹ́ tà á. Ó ní bí Ìyá Onígi bá lè kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba sílẹ̀ kí ọdún tó yípo, òun á tà á fún un. Bí kò bá lè kó o sílẹ̀, kó palẹ̀ ọmọ igi rẹ̀ mọ́, oníbúlọ́ọ̀kù kan ti ń dúró.

"Ta ló máa san án," ló béèrè, "ìgbà wo ló sì máa san án?"

"Ìyá! Ìjọba ni o!"

"Mo gbọ́. Ọwọ́ ìjọba pọ̀. Èwo nínú ọwọ́ náà ni n ó ti gbà á?"

"Ọwọ́ ọ̀gá mi. Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀ gan-an, lójú gbogbo ayé."

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ìjọba ṣòwò rí, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́, ó wọ bàtà, ó tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá tí à ń wí yìí, oyè rẹ̀ gùn. Wọ́n kọ ọ́ sí pátákó kan lókè ilẹ̀kùn rẹ̀: Olùdarí Àgbà Pátápátá fún Ọ̀ràn Igbó, Ọ̀dàn, Ewéko, Ẹranko Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin àti Ẹyẹ Gbogbo. Pátákó náà gùn ju ilẹ̀kùn lọ, ó yọ síta lọ́tùn-ún lósì, ẹni tó bá sì ga díẹ̀ á forí gbá a kó tó wọlé. Pátápátá fẹ́ràn èyí, nítorí ẹni tó bá forí gbá pátákó á dorí kodò, ó sì máa ń dà bíi pé òun ni wọ́n ń kí. Aráàlú tí kò ráyè ka gbogbo oyè náà mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, wọ́n fi ń pè é. Òṣìṣẹ́ méje ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mẹ́ta ń ṣí ilẹ̀kùn, méjì ń se tíì, ọ̀kan ń nu pátákó, Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá sì ń gbà pẹ̀lú gbogbo ohun tí ọ̀gá bá wí. Bí Pátápátá bá sín, akọ̀wé á ní, "Ìyẹn náà dáa, ọ̀gá."

Ìyá Onígi to ọmọ igi tó gbé wá sórí ilẹ̀ ọ́fíìsì. Igi ẹlẹ́gùn-ún kúkurú wà níbẹ̀, èyí tó ń ya ẹ̀ka láti ìdí. Koríko gíga tó ń ṣù bí ìdì igi wà níbẹ̀. Igi eléso wẹ́wẹ́ náà wà níbẹ̀.

"Ọ̀gá, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni n ó sọ ọ́. Àparò ò wá ẹwà. Ibi tí àṣá ò ti ní rí i ló ń wá. Ẹ jẹ́ ká fi ẹlẹ́gùn-ún sí àárín, kí koríko yí i ká, kí eléso wà létí kí wọ́n lè máa rí nǹkan jẹ. Ká gbìn wọ́n ní ṣùṣù, ká má gbìn wọ́n ní ìlà. Ká dúró de òjò. Èyí tó bá sì ti wà lórí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ ní igbó, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá."

Pátápátá dìde. Kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí ìjókòó, àní bí wọ́n bá bi í pé aago mélòó ló lù.

"Ìyá yìí," ló wí, ó na ìka sí òkè àjà, "a dúpẹ́ fún ìmọ̀ kékeré yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ. Kí ni ìsádi? Ibi tí ẹ̀dá ń sá sí. Kí ló dé tí ẹ̀dá fi ń sá? Nítorí pé kò tíì rí olórí tó fẹ́ràn rẹ̀! Nígbà tí àparò bá dé ilẹ̀ yìí, tó rí ètò, tó rí ìlà gbọọrọ, tó rí ìmọ́tótó, ṣé yóò tún sá? Ẹ̀rù kí ló máa bà á? Lábẹ́ àkóso mi, a ó kọ́ ìsádi tí ènìyàn á dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á sì rí òpin rẹ̀!"

"Á rí òpin rẹ̀," ni Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá wí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ṣé kí ẹ máa rí àwọn àparò náà ni?" ni Ìyá Onígi béèrè.

"Láti ojú fèrèsé mi! Báwo ni n ó ṣe kà wọ́n bí n kò bá rí wọn?"

Ó yẹ àwọn ọmọ igi wò. Ó kọ ẹlẹ́gùn-ún, ó ní ẹ̀gún ń tàbùkù ìjọba, ó sì lè fa aṣọ àlejò ya. Ó kọ koríko, ó ní owó ni òun ń san fún àwọn tó ń ṣán koríko, òun ò lè tún san fún ẹni tó ń gbìn ín. Ó kọ eléso, ó ní ẹyẹ á máa yàgbẹ́ síbẹ̀. Ó wá bi í pé kí ló kù lọ́gbà. Igi kan kù, igi òdòdó pupa, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í ya ẹ̀ka títí á fi ga ju ènìyàn lọ. Àwọn tó ń kọ́ ilé ńlá ló ń rà á fún ẹnu ọ̀nà.

"Ìyẹn!" ni Pátápátá wí. "Igi tó dúró bí ẹ̀ṣọ́!"

Ó wà lẹ́nu Ìyá Onígi láti sọ pé àparò kì í sá sábẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ó rántí ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náà. Oníṣòwò tó bá bá oníbàárà jà kí owó tó wọ àpò, ìgbéraga ló ń tà, kì í ṣe ọjà.

"Bí ẹ bá ṣe fẹ́, ọ̀gá."

"Ọ̀kan ló kù. Ọ̀rá dúdú wo lẹ kó wọn sí yìí? Ẹ yọ wọ́n. N ó fi tèmi ránṣẹ́."

Ọ̀rá tirẹ̀ dé lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀rá funfun, ẹgbẹ̀rún méjì, wọ́n sì tẹ ojú Pátápátá sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Oyè rẹ̀ wà lábẹ́ ojú náà, ó yí ọ̀rá ká lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí. Ọmọ Ìyá Onígi obìnrin, tó jẹ́ télọ̀, fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti bá ìyá rẹ̀ kó ọmọ igi láti inú ọ̀rá dúdú sínú ọ̀rá funfun.

"Màámi, ojú ọkùnrin yìí ti sú mi."

"Kọ ojú rẹ̀ sí ògiri, kó o máa báṣẹ́ lọ."

Ọjọ́ ìbí Pátápátá ni wọ́n mú fún ìfilọ́lẹ̀. Àárín ọ̀gbẹlẹ̀ ló bọ́ sí, ilẹ̀ gbẹ bí ìpẹ́pẹ́, ṣùgbọ́n òjò ni kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọ̀gá, ọ̀gá ò jẹ̀bi. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ayẹyẹ náà pé, wọ́n rí i pé ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì kò ṣófo. Igbó kan wà lórí rẹ̀, ẹlẹ́gùn-ún, dídí, tó lọ́ mọ́ra wọn, nǹkan bí ogún àparò ló sì ń gbé inú rẹ̀. Pátápátá ní kí wọ́n ṣán an mọ́lẹ̀ kí àyè lè wà láti kọ́lé fún àparò. Wọ́n ṣán an. Àwọn àparò gbéra pìpì, wọ́n fò kọjá lójú fèrèsé rẹ̀.

"Ẹ wò bí wọ́n ṣe ń fi ayọ̀ fò," ló wí.

"Ayọ̀ ni, ọ̀gá," ni akọ̀wé wí.

Àwọn àgbà ní àparò kan ò ga jùkan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Pátápátá kúrú díẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ebè. Wọ́n kọ ọ́ sí àárín ilẹ̀ náà, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e, ó gùn ún, ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀. Ó kí ara rẹ̀ kú ìnáwó. Ó kí àwọn ẹranko tó wà nílé àti èyí tó wà lẹ́yìn odi. Ó ní láti ìgbà tí ayé ti dáyé, ẹnikẹ́ni ò tíì fi ìlà tó gún báyìí bo ehoro.

Àwọn obìnrin tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ ọjọ́ náà ti gbẹ́ kòtò, wọ́n ti ń ri ọmọ igi mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá lára. Ìyá Onígi rí wọn. Ó yọ ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tó fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ya ọ̀rá ná! Bí a ṣe ń ya á nìyí." Ó fi ọ̀bẹ fà á láti òkè dé ilẹ̀, ṣàá, ọ̀rá ṣí, erùpẹ̀ àti gbòǹgbò yọ jáde.

"Ìyá yìí!" Ohùn náà ti orí ebè wá. "Ojú ta lẹ fi ọ̀bẹ fà ya yẹn?"

"Ọ̀gá, ọ̀rá ni. Gbòǹgbò ò lè jáde nínú ọ̀rá. Bí wọ́n bá gbìn ín báyìí, òkú ni wọ́n wé láṣọ yẹn."

"Ó yọ ọ̀bẹ sí ojú ọ̀gá lọ́jọ́ ìbí ọ̀gá!" ni Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá ké. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù káwọ́ lérí.

Pátápátá pàṣẹ lórí ebè níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya ọ̀rá kankan. Ó ní kí wọ́n sì kọ gbogbo ojú òun sí apá títì.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà nàwọ́. "Ọ̀gá, tí a bá ti rì í mọ́lẹ̀ tán, ta ló máa rí ojú yín?"

"Ilẹ̀!" ni Pátápátá dáhùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n gbìn ín tán, ó pe Ìyá Onígi sókè. Ó gbé àpòòwé ńlá kan lé e lọ́wọ́ lójú kámẹ́rà, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi ya àwòrán mẹ́fà. Obìnrin náà dé ilé kó tó ṣí i. Ìwé kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kà á.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ẹ ṣeun."

"Owó ńkọ́?"

Ọmọ náà yí ìwé náà síwá sẹ́yìn. "Wọ́n ní ẹ ṣeun gan-an."

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ewé àwọn igi náà rọ. Nígbà tí oṣù fi parí, igi gbígbẹ ẹgbẹ̀rún méjì ló dúró ní ìlà, ó gún lóòótọ́. Aláǹgbá pàápàá ò gba ibẹ̀ kọjá. Òjò rọ̀ níkẹyìn, igbó sì fẹ́ hù padà fúnra rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Pátápátá ní kí wọ́n máa ṣán an lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ìdọ̀tí má baà ba ìsádi jẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìyá Onígi lọ béèrè owó. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní ọ̀gá ń sùn. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní ọ̀gá ń ronú, òun náà sì gbọ́ ìhanrun ìrònú náà láti ẹnu ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kẹta ó wọlé láìdúró de àwọn aṣílẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó forí gbá pátákó, kò sì dorí kodò.

"Ọ̀gá, owó mi."

"Igi tí ẹ tà fún ìjọba, ó kú," ni Pátápátá wí. "Ṣé ẹ fẹ́ kí ìjọba máa san owó òkú? Kí n má ti yín mọ́lé ni kẹ́ ẹ dúpẹ́ rẹ̀. Igi jìbìtì!"

"Ọ̀rá tí ẹ ò jẹ́ ká ya ló pa á."

"Ẹ̀rí dà?"

 Ẹ̀rí wà nínú ilẹ̀, ilẹ̀ sì jẹ́ ti ìjọba, ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀. Ìyá Onígi yí padà, ó lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, lórí tábìlì Pátápátá gan-an, Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá ń tẹ ìwé ìròyìn tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí olú-iléeṣẹ́: "Igi kankan kò kú. Ìsádi náà kẹ́sẹ járí débi pé gbogbo ẹranko ti sá pamọ́ sínú rẹ̀ tán pátápátá, ojú kankan kò rí ọ̀kan nínú wọn mọ́. A ti san owó onígi." Lóòótọ́, owó onígi ti kúrò nílẹ̀. Apá kan lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tẹ ọ̀rá. Èyí tó kù di àga onígi gbígbẹ́ tí Pátápátá ń jókòó sí nígbà tí kò bá dìde láti sọ̀rọ̀.

Ìyá Onígi ní tirẹ̀ ní ọ̀ọ́dúnrún ọmọ igi tí Pátápátá kọ̀. Àyè ni wọ́n ń gbà lọ́gbà. Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, ó ya ọ̀rá wọn, ó kó wọn sí ẹ̀yìn ọgbà, ṣùṣù níbí, ṣùṣù lọ́hùn-ún, ó fi koríko yí wọn ká, ó kó ẹ̀ka gbígbẹ tí kò ní ibi tó fẹ́ dà á sí jọ gègèrè sáàárín wọn. Kì í ṣe ìfẹ́ àparò ló mú un ṣe é. Kó má kàn ṣòfò ni. Nígbà tó fi di oṣù kẹta òjò, koríko ga dé àyà, ẹ̀gún ti ń di ara wọn lọ́wọ́ mú, ọmọ rẹ̀ sì ní òun ò lè ránṣọ láàárọ̀ mọ́ nítorí ariwo àparò.

"Sọ fún wọn kí wọ́n sanwó ilé," ni ìyá rẹ̀ wí. "Onílẹ̀ fẹ́ lé èmi àti àwọn jáde." Oṣù kan ló kù kí ọdún yípo.

Olú-iléeṣẹ́ kì í yára, ṣùgbọ́n ẹnìkan níbẹ̀ mọ̀wé kà. Ó ka ìròyìn náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fèsì ní ìlà kan: òun ń bọ̀ wá wo àwọn ẹranko tí ojú kò rí.

Alábẹ̀wò náà dé nínú mọ́tò eléruku. Pátápátá sáré lọ kí ọkùnrin tó wà nídìí ọkọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dírẹ́bà ni mí, sà," ni ọkùnrin náà wí.

Obìnrin àgbà kan, tó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún, ti sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì, ó ti ń lọ sórí ilẹ̀ náà. Ìyá Onígi dúró lẹ́bàá ọgbà tó yí ilẹ̀ náà ká, ọ̀bẹ wà lára rẹ̀, nítorí ibi iṣẹ́ ló wà nígbà tó gbọ́ pé àlejò dé. Pátápátá sáré tẹ̀ lé àlejò rẹ̀. "Ìyáàfin, ẹ tẹ́tí sílẹ̀! Wọ́n pọ̀ nínú ibẹ̀. Ẹ kàn ò ní rí wọn ni."

Ohùn àparò dún láti ẹ̀yìn ìlà kẹta. Ó tún dún. Alábẹ̀wò dúró.

"Kí nìyẹn?"

"Àparò ni, Ìyáàfin! Ẹ ò rí i, ẹ kàn ń gbọ́ ọ ni."

"Mo rí i," ni alábẹ̀wò wí. "Ó wọ ṣòkòtò."

Lóòótọ́, Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá dojú bolẹ̀ lẹ́yìn igi gbígbẹ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka, ẹsẹ̀ méjèèjì, ìdí, àti fáìlì rẹ̀ wà níta gbangba. Igi tí kò lè bo akọ̀wé, àparò wo ló fẹ́ bò?

"Ẹ̀yin tó wà nílẹ̀ yẹn," ni alábẹ̀wò pè é, "ṣé àparò ni yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá," ni akọ̀wé dáhùn. Àṣà ti wọ̀ ọ́ lára.

Alábẹ̀wò di ọ̀kan nínú àwọn igi náà mú, ó fi ìka méjì fà á. Kò janpata. Igi, erùpẹ̀, ọ̀rá, gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ìgbà tí a fa ife sókè lórí tábìlì, ojú Pátápátá sì yọ láti inú ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fa ìkejì. Pátápátá tún yọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fa ìkẹta, ìkẹrin, ìkẹwàá. Gbogbo wọn ló dúnnú sí i. Pátápátá gan-an tó dúró lórí ilẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ta igi yìí?"

"Èmi ni," ni Ìyá Onígi wí, ó wọlé. "Mo sì ní kí wọ́n ya ọ̀rá. Wọ́n ní mo fa ojú ọ̀gá ya. N kò tíì gba kọ́bọ̀ owó mi."

"Irọ́ ni!" ni Pátápátá ké. "Òkú igi ló tà fún wa!"

"Ìwé yín sọ fún mi pé igi kankan ò kú," ni alábẹ̀wò wí. "Ó tún sọ fún mi pé ẹ ti sanwó." Ó kọjú sí Ìyá Onígi. "Ìyá mi, ṣé àparò wà ní ìlú yìí rárá?"

"Ó wà. Ẹ máa bọ̀."

Ó mú wọn lọ sí ẹ̀yìn ọgbà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi igbó. Pátápátá mí kanlẹ̀.

"Ẹ wò ó! Ìdọ̀tí! Àparò dà? Èmi ò rí..." Ó ti ẹsẹ̀ bọ inú koríko láti fi hàn wọ́n. Ogún àparò gbéra lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan gba fìlà rẹ̀ lọ, ehoro kan gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, Pátápátá sì fìdí jókòó sínú ẹ̀gún.

Alábẹ̀wò kọ nǹkan sílẹ̀. "Èyí ni wọ́n ń pè ní ìsádi," ló wí. "Ìwọ akọ̀wé, kọ ìyẹn náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá," ni Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá wí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé òun ti pààrọ̀ ọ̀gá.

Ìwé dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n yọ pátákó lókè ilẹ̀kùn, ihò ìṣó méjìlá ló kù. Wọ́n fi Pátápátá ṣe olùtọ́jú ibi tí wọ́n ń kó ọkọ́ sí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún un ni kó hú ẹgbẹ̀rún méjì ọ̀rá náà jáde, kó fọ̀ wọ́n, kó sì kà wọ́n. Ìkejì ni kó san owó onígi láti inú àpò ara rẹ̀ kí oṣù tó parí, bí kò bá san án, ilé ẹjọ́. Ó ta àga onígi gbígbẹ́ náà. Kò tó. Ó ta mọ́tò rẹ̀.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ọdún tí onílẹ̀ dá fún un, onílẹ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọgbà láti àárọ̀, oníbúlọ́ọ̀kù jókòó tì í, ó ti ń fojú wọn ilẹ̀. Ìyá Onígi ń bomi rin ọmọ igi bí ẹni pé kò rí wọn. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanrí nígbà tí Pátápátá yọ láti ìkóríta, ẹsẹ̀ ló fi rìn, eruku bò ó dé ojúgun. Ó gbé owó náà sórí tábìlì tó wà lẹ́nu ọgbà. Ọ̀rá funfun kan ló kó o sí, nítorí ọ̀rá ni kò wọ́n ọn mọ́, ó sì ti so ẹnu rẹ̀ ní kókó mẹ́ta.

"Ìyá, ó pé," ló wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó náà, kókó ò tú.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni Ìyá Onígi wí.

Ó yọ ọ̀bẹ pẹlẹbẹ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di ọ̀rá náà mú, ó wo ojú tó ń rẹ́rìn-ín lára rẹ̀, ó wo èyí tó dúró níwájú rẹ̀, ó sì fà á láti òkè dé ilẹ̀, ṣàá. Owó dà sórí tábìlì.

"Bí a ṣe ń ya á nìyí," ló wí. Ó jókòó, ó kà á lójú gbogbo wọn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Ó pé.